Land Cruiser 1HZ mi kì í fẹ́ gbaná láàárọ̀: ṣé pọ́ńpù ni lóòótọ́?

Oníbéèrè, Kúbwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ ń lo ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ní Òkè Ọya yìí. Mo ní Land Cruiser àtijọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì 1HZ wà nínú rẹ̀: lítà 4.2, sílíńdà mẹ́fà, kò ní tọ́bò. Bàbá ìyàwó mi ni wọ́n lò ó ní Ìlọrin kí wọ́n tó fà á lé mi lọ́wọ́, ó sì di ọdún kẹjọ báyìí tí mo ti ń fi í gbé irinṣẹ́ bóhòlù láàárín Àbújá, Keffi àti Jos. Kò dójú tì mí rí títí ọyẹ́ ọdún yìí fi dé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, sítátà á yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, bátìrì méjèèjì lágbára, ṣùgbọ́n kò ní gbaná. N óò yí i títí, n óò fi sílẹ̀ kí sítátà sinmi, n óò tún yí i, kí ó tó wá bú jáde lójijì pẹ̀lú èéfín funfun tó máa ń bo gbogbo iwájú ilé, débi pé àwọn aládùúgbò ti mọ̀ pé àsìkò àti ti fèrèsé ti tó. Fún bí ìṣẹ́jú kan, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, lẹ́yìn náà èéfín á tán, ohùn rẹ̀ á sì dọ́gba. Láti ìgbà náà títí di alẹ́, iye ìgbà yòówù tí mo bá pa á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń yí kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi gbà.

Ohun kejì, n kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọn kan ara wọn: lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń gun òkè Hawan Kibo lọ sí Jos, ọkọ̀ náà kò fà mọ́. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, síbẹ̀ ńṣe ni agbára rẹ̀ ń relẹ̀, àfi ìgbà tí mo padà sí jíà kejì.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ gbọ́ àlàyé mi, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní pọ́ńpù tó ń ti epo sínú ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Iye tó dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ìwé ọmọ méjì fún odidi ọdún kan. Ẹ jọ̀wọ́, kí n tó ná owó yìí, kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Awakọ̀ àtijọ́, Jos

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ẹ má tíì ra pọ́ńpù kankan. Èmi ń gbé níbi tí òtútù ti ń mú ènìyàn ní oṣù kìíní débi pé a ń wọ súwẹ́tà sùn, mo sì ti rí àìsàn yìí lára ọkọ̀ tèmi. Hítà púlọ́ọ̀gì ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná bíi ti pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ títí tó fi gbóná gan-an ló ń mú epo jó. Nígbà tí irin ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó ń fa ooru yẹn mọ́ra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe hítà mẹ́fà síbẹ̀, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, láti ran afẹ́fẹ́ náà lọ́wọ́. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá ti jóná, epo tó wọ àwọn sílíńdà yẹn kò ní jó, yóò gba sàléńsà jáde bí èéfín funfun tí ń ta ojú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, kò nílò hítà mọ́, nítorí náà ni kò ṣe ń yọ yín lẹ́nu lọ́sàn-án.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ tú irin pẹlẹbẹ tó so àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ kúrò lórí wọn, kí ẹ sì fi mítà iná wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí rẹ̀ sí ara ẹ́ńjìnnì. Èyí tó dára kì í ju bí ohm kan lọ. Èyí tó ti jóná kò ní fi nǹkan kan hàn rárá. Mẹ́ta nínú mẹ́fà ni mo bá ní òkú nígbà tí mo yẹ tèmi wò. Ẹ kàn ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú wáyà láti bátìrì kan án tààrà láti dán an wò, nítorí pé àwọn kan wà tí wọn kò ṣe fún iná fólítì 12, wọn yóò jóná lójú yín níbẹ̀.

Oníṣẹ́ nọ́sù, Àpò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n Jos. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa hítà, mo sì fẹ́ kí oníbéèrè yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ti wí, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà tí a kò tíì bi í, ìdáhùn wọn ni yóò sì sọ ibi tí a óò gbà.

Èkíní: nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, kí ó tó gbaná rárá, ṣé èéfín kankan ń jáde ní ìdí sàléńsà? Ẹ má fi ojú inú dáhùn. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹ wò ó. Bí èéfín funfun bá ń jáde bí ó ti ń yí, epo ń dé inú sílíńdà, ooru tí yóò jó o ni kò tó. Ó lè jẹ́ hítà, ó sì lè jẹ́ pé ríńgì tàbí fáàfù ti ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá. Bí nǹkan kan kò bá jáde títí ó fi bú lójijì, epo kò tíì dé ibẹ̀, ẹ̀sùn hítà sì di ẹ̀sùn kejì.

Èkejì: báwo ni ẹ ṣe máa ń gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ lálẹ́? Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, àbí imú ọkọ̀ ń wo òkè?

Ní ti pọ́ńpù, ohun tí ẹ sọ fúnra yín ló ń gbèjà rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti bí ogún ọdún ni títún pọ́ńpù àti nọ́sù, èyí tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, ṣe, owó ni ì bá sì jẹ́ fún mi bí mo bá sọ pé ó ti kú. Pọ́ńpù tí inú rẹ̀ ti jẹ sábà máa ń ṣe aburú rẹ̀ nígbà tí ara bá gbóná, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì gbígbóná ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń gba àárín àwọn irin tó ti jẹ sá padà, kò sì ní lè kó agbára tí yóò fi ṣí nọ́sù jọ nígbà tó jẹ́ sítátà nìkan ló ń yí i. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á gbaná láàárọ̀ kíá, ẹ ó wá pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Gwagwalada kí ẹ ra omi mu, kò ní gbaná mọ́. A máa ń rẹ aṣọ sínú omi tútù, a ó gbé e lé pọ́ńpù lórí títí yóò fi tutù díẹ̀. Bó bá gbaná lẹ́yìn náà, ọwọ́ ti bà á nìyẹn. Ti yín kì í yọ yín lẹ́nu lọ́sàn-án rárá, nítorí náà, èmi kò rí ìdí tí a ó fi dá pọ́ńpù lẹ́bi.

Awakọ̀, Zuba

Ẹ̀yin ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ ra sípúréè tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì, ẹ fín in sí ẹnu fílítà afẹ́fẹ́, yóò gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe ọkọ̀ àjàgbé tí mo ń wà nìyẹn.

Oníṣẹ́ nọ́sù, Àpò

Arákùnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ́ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Sípúréè yẹn ń gbaná kí písítìnì tó dé òkè, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fi òòlù lu písítìnì lórí nígbà tó ń gòkè bọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ní hítà tó ti pọ́n, ewu rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì tí písítìnì rẹ̀ fọ́ nítorí èyí, kì í ṣe ẹyọ kan.

Oníbéèrè, Kúbwa

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo jí ọmọ mi ọkùnrin láàárọ̀ yìí kí ó wá yí kọ́kọ́rọ́, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò sí èéfín kankan. Ọmọ náà yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ìdí sàléńsà gbẹ bí ẹnu ààwẹ̀, àfi ní ẹ̀ẹ̀kẹrin tó gbaná tí funfun náà sì tú jáde sí mi lójú.

Ní ti ìbéèrè kejì, ilẹ̀ ilé mi dagun láti ojú ọ̀nà wá sí ẹnu ilé, imú ọkọ̀ sì máa ń wo òkè. Ìgbà tí ẹ béèrè ni mo tó rántí pé mo sùn ní Keffi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ibi tí wọ́n ní kí a gbé ọkọ̀ sí jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo sì kọ imú rẹ̀ sísàlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé ọkọ̀ náà kàn ṣojú àánú sí mi ni.

Oníṣẹ́ nọ́sù, Àpò

Ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ ọ̀nà epo yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọn kò rí epo tó kán sílẹ̀. 1HZ kò ní pọ́ńpù oníná nínú táńkì tí ń ti epo wá síwájú. Pọ́ńpù ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn fúnra rẹ̀ ló ń fa epo láti ẹ̀yìn ọkọ̀, bí a ṣe máa ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi nígbà tí a wà ní kékeré. Bí ọ̀pá ewé náà bá sán díẹ̀ lára, omi kò ní kán níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ẹ óò máa fà mọ́ omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni páìpù yín. Nígbà tí imú ọkọ̀ bá wo òkè, fílítà àti pọ́ńpù ga ju táńkì lọ dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rí ihò wọlé, epo tó wà nínú páìpù á rọra ṣàn padà sínú táńkì láti alẹ́ mọ́jú. Láàárọ̀, sítátà ni yóò máa fa gbogbo rẹ̀ padà wá, ìdí nìyẹn tí sàléńsà fi gbẹ. Nígbà tí epo àkọ́kọ́ bá wá dé, kì í dé àwọn sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń bá hítà tó ti tutù pa dà. Ìyẹn ló ń mú un gbọ̀n tó sì ń mú èéfín funfun jáde. Bí táńkì bá kún, àìsàn náà á dínkù. Bó bá ku díẹ̀ nínú rẹ̀, á pọ̀ sí i. Ẹ ronú sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ẹ óò ṣe mọ ibẹ̀ rèé. Ẹ ra rọ́bà funfun tí ojú ń ríran gbà inú rẹ̀ kọjá, èyí tí dísẹ́ẹ̀lì kò lè jẹ, kí ẹ fi rọ́pò rọ́bà dúdú tó ti ara fílítà lọ sí pọ́ńpù. Ẹ ṣáná, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn. Epo tó dára á kọjá lọ mọ́lọ́mọ́lọ́ bí òróró. Bí ẹ bá rí i tí ń hó, tí àwọn ìṣù afẹ́fẹ́ kéékèèké ń sáré tẹ̀lé ara wọn, ẹ ti mú olè. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ó rẹlẹ̀ ju fílítà lọ, kí ẹ ti rọ́bà bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹnu ibi tí epo ń gbà wọ fílítà, kí táńkì má dá sí i mọ́. Bí ìṣù afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró, ihò náà wà láàárín táńkì sí fílítà. Bí kò bá dáwọ́ dúró, orí fílítà ni, ẹ má sì wá ọ̀nà jìn.

Lórí fílítà 1HZ, ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń fura sí ni bọ́tìnnì tí a fi ọwọ́ tẹ̀ láti fa epo. Rọ́bà wà lábẹ́ rẹ̀, ó máa ń gbẹ tí yóò sì sán, pàápàá nígbà ọyẹ́. Èkejì ni rọ́bà róbótó tó wà ní ìsàlẹ̀ fílítà níbi tí a ti ń ṣí omi dànù. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti lo èyí tó ti lẹ̀ padà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ṣí i kí ẹ gba ohun tó bá jáde sínú ife funfun, kí ẹ jẹ́ kí ó sinmi: omi yóò wà nísàlẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì lókè. Ẹni tó ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà máa ń rí omi níbẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Mo sì gbà pé òun kan náà ló ṣe yín ní Hawan Kibo. Nígbà tí ẹrù wúwo tí òkè sì ga, pọ́ńpù ń fẹ́ epo púpọ̀, ó ń fà á kíkankíkan, ihò kékeré tí kò ṣe nǹkan ní títì tó tẹ́jú á wá di ńlá. Fílítà epo tó ti dí náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Sílíńdà tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà nígbà tí a tú tirẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Kí onítọ̀hún wọ awò ojú, kí ó sì fi aṣọ bo ọwọ́, nítorí pé epo tí ń jáde níbẹ̀ lágbára tó láti gún awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń parí sí. Ẹ má sì ṣe dán an wò láé lára àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí nọ́sù wọn.

Olùkọ́, Kàdúná

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi díẹ̀ kún un nípa ti òkè gígùn. Hilux ni tèmi, ẹ́ńjìnnì 3L. Nígbà kan, kò lè gun òkè kankan, ṣùgbọ́n èéfín dúdú ni tèmi ń tú, kì í ṣe funfun. Wọ́n ní kí n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan, tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ló tú páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa odidi ìtẹ́ eku jáde, koríko àti òwú àpò ìrẹsì. Ọkọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún gbogbo ìgbà tí mo fi lọ sílé ní Ọ̀fà. Epo púpọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń fa èéfín dúdú. Nítorí náà, ẹ bi oníbéèrè léèrè àwọ̀ èéfín tó rí ní Hawan Kibo.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ti bẹ́líìtì? Mo gbọ́ pé 1HZ ń lo bẹ́líìtì táímìnì, èyí tó ń mú kí písítìnì àti fáàfù máa bá ara wọn rìn, kì í ṣe ṣéènì.

Oníṣẹ́ nọ́sù, Àpò

Ẹ ṣeun, mà. Bẹ́líìtì ló ń lò lóòótọ́, kìlómítà 100,000 ni a sì sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá já lójú ọ̀nà, písítìnì á lu fáàfù, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé yóò wá jẹ́ òótọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn lára ọkọ̀ tí wọ́n fà léni lọ́wọ́, kí ó kà á sí pé wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀.

Oníbéèrè, Kúbwa

Ẹ kú àdúrótì mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo bá.

Mo fi rọ́bà funfun náà sí i ní àná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbaná, inú rọ́bà náà kún fún ìfòófòó bí ẹni ń po ọṣẹ. Mo so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn bí ẹ ti wí, kò yí padà. Nítorí náà, mo padà sí bọ́tìnnì orí fílítà bí ẹ ti wí. Mo fi ọ̀rá bò ó yíká, mo sì fi okùn rọ́bà so ó pinpin, ìfòófòó náà dínkù lójú mi. Nígbà tí a tú u, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti sán láti etí kan dé àárín, ó le bí awọ bàtà àtijọ́. Omi tó jáde ní ìdí fílítà tó ìdámẹ́rin ife tíì, pẹ̀lú ìdọ̀tí dúdú tó rọ̀ bí ọ̀bẹ̀ ewédú tó ti bà. Mo pààrọ̀ fílítà epo, mo sì gba orí fílítà mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta pátì àlòkù, iye rẹ̀ kò sì tó owó tí mo fi ń ra epo sínú ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan.

Ní àárọ̀ òní, imú ọkọ̀ ń wo òkè bí ó ti máa ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ṣì gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo sì rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Jos. Mo fi mítà wọn àwọn hítà: ẹ̀kejì àti ẹ̀karùn-ún kò fi nǹkan kan hàn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ̀bi rárá.

Ní ti Hawan Kibo, n kò lè búra nípa àwọ̀ èéfín, òru ti ń ṣú. Ọjọ́bọ̀ ni mo tún ń lọ, n óò wò ó nínú jígí. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn hítà méjì yìí, ṣé kí n ra èyí tó bá sáà ti wọ ihò náà ni?

Awakọ̀ àtijọ́, Jos

Ó ti o. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ṣì dára dání lọ sọ́jà, kí ẹ ka fólítì tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ sì ra irú rẹ̀ gan-an. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn mẹ́rin tó kù kò kéré sí àwọn méjì tó ti kú lọ́jọ́ orí. Kí ẹ sì fi nǹkan díẹ̀ pa ara irin rẹ̀ kí ẹ tó ti í bọ̀ ọ́, nítorí pé èyí tó bá ti gan mọ́ inú ihò máa ń já sí méjì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tú u.

Nígbà tí ẹ bá dé Jos ní Ọjọ́bọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ mọ́jú ní gbangba, kí ẹ sì wá sọ bí ó ti gbaná láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì fún wa.